Ògbufọ̀ Ojú Fèrèsé

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí àwọn onísọkúsọ tó bà á jẹ́. Tàófíìkì kò dákú. Àìsàn kankan kò kọlù ú, gìrì kò gbé e, kì í sì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ kiri Blanchardstown ní Dublin níbí, pé onítakisí kan láti Ongar ṣubú lulẹ̀ gbalaja níwájú àwọn ará Ṣáínà tó ń ja kúńfù, pé díẹ̀ ló kù kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Irọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kí n sọ bó ṣe rí fún yín.

Oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà ni bàbá Tàófíìkì kú ní Abẹ́òkúta. Ẹ mọ̀ pé òkú Mùsùlùmí kì í sùn sílé. Lateef, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pè é láàárọ̀ nígbà tó ń dúró de èrò lẹ́bàá ṣọ́ọ̀bù ńlá Blanchardstown, ó ní bàbá ti lọ. Tàófíìkì gbé ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàlúù kiri lórí fóònù. Ó ṣì ń wá a nígbà tí Lateef tún pè pé àwọn ti kírun sí bàbá lára, àwọn ti sin ín, àwọn sì ti ń darí bọ̀ láti itẹ́ òkú. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀sìn ló wí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà ló sì jìn. Tàófíìkì pa fóònù, ó tan iná orí takisí rẹ̀, ó gbé obìnrin kan lọ sí Adamstown. Ó ní òun ò mọ ohun mìíràn tí òun ì bá ṣe.

Láti ọjọ́ náà kò sunkún. Màmá Fèyí, ìyàwó rẹ̀, retí ẹkún náà títí ó fi sú u. Tàófíìkì ní òun wà ní grand, ìyẹn ni pé kò sí ohun tó ṣe òun. Ẹnu àwọn èrò ọkọ̀ rẹ̀ ló ti kọ́ ìyẹn. Àwọn ará ibí, bí ilé wọn bá ń jó lọ́wọ́, grand náà ni wọ́n wà.

"Bàbá Fèyí, ẹ sunkún," ni obìnrin náà wí. "Ẹkún ò mọ ọkùnrin."

"Ẹni tó ń wakọ̀ ni kó máa sunkún?"

"Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran."

Ó ní kó kúkú lọ sílé, kó lọ fojú rí sàréè. Tàófíìkì bi í pé ta ni òun fẹ́ lọ kí níbẹ̀. Obìnrin náà dìde, ó lọ gbé omi kaná.

Ohun tí ó ń wu ọkùnrin yìí kò pọ̀ rárá. Ohun tó mú un le ni pé ẹni tó lè fún un kò sí mọ́. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré sí i. Ìdọ̀bálẹ̀ gidi ni mo wí, tí àyà ń kan ilẹ̀, kì í ṣe èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń ṣe, tí wọ́n ń fi ìka kan ilẹ̀ tí wọ́n sì ń sáré dìde bíi pé ilẹ̀ gbóná. Ó fẹ́ kí àgbà kan gbé ọwọ́ lé òun lórí kó wí pé, "Àkàngbé, dìde." Ó tán.

Àkàngbé ni oríkì rẹ̀. Ní gbogbo Dublin, kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Dadi ni ọmọ ń pè é, Bàbá Fèyí ni ìyàwó, Tao ni àwọn onítakisí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ tó máa ń pè é ní Àkàngbé ti kú kí ó tó kúrò nílé, Lateef ní tirẹ̀ kò sì pe oríkì ẹnikẹ́ni rí, orúkọ iléèwé ló mọ̀. Bàbá nìkan ló kù tó ń pe orúkọ náà, bàbá sì ti mú un lọ.

Ní mọ́sáláṣí, Tàófíìkì fúnra rẹ̀ ti di àgbà. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé láti Ìbàdàn àti Èkó, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, bí wọ́n bá rí i, wọ́n á fẹ́ dọ̀bálẹ̀, òun á sì yára gbá wọn mú léjìká pé ó tó, ó tó. Àwọn ènìyàn rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. Ìlara ni. Ó ń jowú wọn pé wọ́n rí ẹni dọ̀bálẹ̀ fún. Ọ̀dọ́ alfa kan wà níbẹ̀, Abdulrahman, tó tilẹ̀ máa ń wàásù pé kò tọ́ kí ènìyàn máa dọ̀bálẹ̀ fún ènìyàn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí bàbá ṣì wà láyé, Tàófíìkì gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bàbá ní, "Iwájú orí ni ti Ọlọ́run, àyà ni ti àgbà. Wọn ò pàdé lọ́nà rí." Abdulrahman fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ ọ.

Fóònù ni òun àti bàbá ti fi ń ṣe ìdọ̀bálẹ̀ náà láti ọdún mẹ́fà tí Tàófíìkì ti délé kẹ́yìn. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, á pe bàbá ní fídíò, á fi fóònù ti ife tíì lórí tábìlì, á sì na ara rẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀. Ohun tí bàbá ń rí ní Abẹ́òkúta ni àjà ilé àti gílóòbù iná.

"Níbo lo wọlé sí, Àkàngbé? Àjà ni mò ń rí o."

"Mo wà nílẹ̀ sà."

Bàbá á rẹ́rìn-ín. Á gbé ọwọ́ sókè sí ojú fóònù, ọwọ́ ńlá tí òróró kẹ̀kẹ́ ti wọ èékánná rẹ̀ láti ìgbà tó ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Ìtòkò, á ní, "Àkàngbé, dìde." Fèyíjìmí, ọmọbìnrin Tàófíìkì, á máa rẹ́rìn-ín lórí àga. Dublin ni wọ́n bí i sí, ó ti di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Kò sí Yorùbá tí o máa sọ tí kò ní gbọ́, títí kan èyí tí o ò fẹ́ kó gbọ́, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi dá ọ lóhùn, Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ Dublin tó ń gba imú jáde. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ti wí i. Ìdọ̀bálẹ̀ orí fóònù kì í tó ni. Síbẹ̀, ó sàn ju òfo lọ, òfo ló sì wà nílẹ̀ báyìí.

Ó dáa, ibo ni Ṣáínà ti wọ ọ̀rọ̀ náà? Ẹ má kánjú. Nígbà tí Tàófíìkì wà lọ́mọdé, ọkùnrin kan ń gbé àdúgbò wọn ní Ìtòkò, Ọláníyọnu, ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù. Òun nìkan ló ní ẹ̀rọ fídíò. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, á ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu, á yí ojú tẹlifíṣọ̀n síta, gbogbo àdúgbò á sì jókòó sí àgbàlá. Fíìmù Ṣáínà ló ní, kò ní òmíràn. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú rẹ̀. Bàbá Lateef, ìyẹn bàbá Tàófíìkì, ló bá gba iṣẹ́ ògbufọ̀. Á dúró ti ojú fèrèsé, á gbé ẹsẹ̀ kan lé pèpéle, bí àwọn inú fíìmù bá ti la ẹnu báyìí, òun náà á la tirẹ̀.

"Ó ní ta ló jẹ ẹran inú ìṣasùn."

Àgbàlá á bú sẹ́rìn-ín.

"Èkejì ní òun kọ́, òun ń gbààwẹ̀. Ó ní irọ́ ni, òróró wà lẹ́nu rẹ."

Ìjà á wá bẹ́, àwọn ènìyàn á máa fò láti orí òrùlé dé orí òrùlé nítorí ẹran ìṣasùn. Bàbá Lateef kò gbọ́ èdè Ṣáínà ju bí adìẹ ṣe gbọ́ ọ lọ, ṣùgbọ́n bí ó bá rin ìrìn àjò tí kò sí níbẹ̀, wọn kì í fẹ́ wo fíìmù náà.

Kò sì sí fíìmù tí kò sí arúgbó onírùngbọ̀n funfun nínú rẹ̀, tó ń gbé orí òkè, tó ń kọ́ ọmọkùnrin kan níjà. Ọmọ náà á lọ sí àjò, ojú rẹ̀ á rí nǹkan, á padà wá wólẹ̀ níwájú ọ̀gá rẹ̀. Níbẹ̀, àgbàlá á dákẹ́ wẹ́lo. Arúgbó náà á sọ gbólóhùn kan. Bàbá Lateef kì í kánjú túmọ̀ eléyìí. Á kọ́kọ́ wẹ̀yìn, á wá ibi tí ọmọ rẹ̀ kékeré jókòó sí láàárín èrò, á wá fi ohùn àgbà wí pé, "Ó ní, Àkàngbé, dìde." Gbogbo ojú á yí sí Tàófíìkì. Fíìmù yòówù kó jẹ́, Àkàngbé ni ọmọ náà ń jẹ́. Tàófíìkì á fi ọwọ́ méjèèjì bojú, inú rẹ̀ á sì dùn dé ibi tí kò ṣeé sọ. Bàbá ti sọ ìtàn yìí fún Fèyíjìmí lórí fóònù títí ọmọ náà fi mọ ibi tí bàbá àgbà yóò ti mí kanlẹ̀ nínú rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí Fèyíjìmí rí àwòrán kan ní ibùdókọ̀, pé àwọn mọ́ńkì láti Ṣáínà, àwọn ojúlówó tó fá orí kodoro tó ń gbé inú tẹ́ḿpìlì, ń bọ̀ wá ja kúńfù lórí ìtàgé ní Dublin, kò bi ẹnikẹ́ni. Ó fi owó iṣẹ́ tó ń ṣe lópin ọ̀sẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì, ó gbé wọn síwájú bàbá rẹ̀, ó ní ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ pé kó wá bàtà tó dára wọ̀. Tàófíìkì wo àwọn tíkẹ́ẹ̀tì náà pẹ́. Ó fẹ́ sọ pé òun ò lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti jogún iwájú orí bàbá àgbà rẹ̀, iwájú orí ńlá tó yọ síta, ó sì ṣòro fún Tàófíìkì láti wo iwájú orí yẹn kó sọ pé rárá.

Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin ní Hansfield lọ́sàn-án Sátidé. Òjò ń rọ̀ bó ṣe máa ń rọ̀ níbí, tí kì í pọ̀ tí kì í sì í dá. Tàófíìkì dé fìlà kan tí bàbá fi ránṣẹ́ sí i kó tó kú. Nínú gbọ̀ngàn eré náà, obìnrin ará ibí kan tó ti dàgbà wà ní ìjókòó tó tẹ̀ lé tirẹ̀, ó ń jẹ súìtì, ó na ọ̀kan sí Tàófíìkì kó tó fìdí lélẹ̀ tán. Tàófíìkì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó tẹrí ba, ó dúpẹ́ bíi pé ilẹ̀ ni wọ́n fún un. Wọ́n pa iná. Àwọn mọ́ńkì jáde.

Ẹ ò bá wà níbẹ̀. Ọ̀kan fi orí gbá irin, irin náà kán sí méjì. Ọ̀kan fi ẹnu ọ̀kọ̀ ti ọ̀fun ara rẹ̀, ó ń tì í títí ọ̀pá ọ̀kọ̀ náà fi tẹ̀ kọrọdọ, ọ̀fun kò sì ní ojú ọgbẹ́ kankan. Òmíràn fi ìka méjì dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè, ó ń mí jẹ́jẹ́ bí ẹni tó sùn. Bí wọ́n bá fò, wọn kì í tètè balẹ̀. Obìnrin onísúìtì fi ọwọ́ bojú, ó ń yọjú láàárín ìka. Fèyíjìmí pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta á.

Ṣùgbọ́n ohùn kan wà tó ń ti inú ẹ̀rọ jáde, ó ń ṣàlàyé ohun gbogbo ní Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ tónítóní: èyí ni sùúrù, èyí ni ìgboyà, èyí ni àlàáfíà inú. Láti gbólóhùn àkọ́kọ́ ni Tàófíìkì ti kórìíra ohùn náà. Ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́? Nígbà tí àwọn méjì kojú ara wọn pẹ̀lú ọ̀pá, ó gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ ketekete: ó ní ta ló jẹ ẹran inú ìṣasùn. Ó tẹ̀ sí etí Fèyíjìmí láti sọ ọ́. Ó la ẹnu. Ó tún pa á dé, ó ju súìtì tó gbà sẹ́nu. Fèyíjìmí bi í bóyá kò sí nǹkan. Ó ní òun wà ní grand.

Ìparí eré ló wá pa á. Wọ́n gbé àga kan sí àárín ìtàgé. Arúgbó kan jáde, irun ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun, ó ń rọra rìn bí ẹni tí orúnkún ń dùn, ó jókòó. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ mọ́ńkì wọlé bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, ó gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn. Ó rí arúgbó náà, ó sọ àpò sílẹ̀, ó wólẹ̀, ó forí kan pákó. Gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́ wẹ́lo. Arúgbó náà gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì sọ gbólóhùn kúkúrú kan.

Tàófíìkì na ọrùn. Ó ń retí. Ẹ má bi mí pé kí ló ń retí, ẹ mọ̀ ọ́n. Ohùn inú ẹ̀rọ tó ti ń da ẹnu bo gbogbo nǹkan láti ìbẹ̀rẹ̀, kò wí nǹkan kan níbẹ̀. Àtẹ́wọ́ ló bẹ́. Ènìyàn dìde dúró, iná tàn, eré parí.

Òun nìkan ló jókòó. Àárò bàbá rẹ̀ sọ ọ́ níbẹ̀, ó sọ ọ́ débi pé kò lè gbé apá. Oṣù mẹ́ta ló ti ń gbé ẹrù yìí kiri nínú takisí láì mọ bó ṣe wúwo tó. Kò ní gbọ́ ọ mọ́ láéláé. Ó lè lọ sí Abẹ́òkúta lọ́la, ó lè dọ̀bálẹ̀ níwájú sàréè náà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò sẹ́ni tí yóò ní kó dìde.

Fèyíjìmí ló fà á lápá pé kí àwọn lọ ya fọ́tò. Ní ìloro gbọ̀ngàn, lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn, wọ́n ti gbé àga fún arúgbó náà, ọ̀dọ́bìnrin ará Ṣáínà kan tó ń ṣe ògbufọ̀ dúró tì í, èrò sì tò lọ títí dé ẹnu ọ̀nà. Bí ẹnìkan bá dé iwájú rẹ̀, á pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, á tẹrí ba díẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò, á kọjá. Obìnrin onísúìtì wà níwájú wọn. Ó fún arúgbó náà ní súìtì, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó kan Tàófíìkì.

Ó fẹ́ pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀ bí àwọn tó kù, mo búra. Ṣùgbọ́n arúgbó náà gbójú sókè wò ó, Tàófíìkì sì rí ọwọ́ rẹ̀ tó gbé lé itan, ọwọ́ ńlá, èékánná tó nípọn, ọwọ́ ẹni tó ti fi ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ayé rẹ̀. Ara rẹ̀ kò tún gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ó ṣí fìlà, ó fà sẹ́yìn, ó na gbalaja sílẹ̀, àyà rẹ̀ sì kan ilẹ̀ gbìì.

Áà, ìlú tí kò mọ ìdọ̀bálẹ̀. Bí ọkùnrin tó ti lé láàádọ́ta ọdún bá bá ilẹ̀ lójijì níbí, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀ ni pé ọkàn rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀. Obìnrin onísúìtì ní kí wọ́n pe áńbúláǹsì. Ẹ̀ṣọ́ méjì sáré wá, ọ̀kan ń ti èrò sẹ́yìn, èkejì ti já àpótí kan lára ògiri, èyí tí wọ́n fi ń ta ọkàn jí, ó sì ti ń wá bọ́tìnnì ẹ̀wù Tàófíìkì kiri láti tú u. Fèyíjìmí na apá méjèèjì bo bàbá rẹ̀. Ó sọ fún wọn ní Gẹ̀ẹ́sì pé kò sí ohun tó ṣe bàbá òun, pé arúgbó náà ló ń kí, pé báyìí ni wọ́n ṣe ń kí àgbà nílé àwọn. Ilé tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì lo oṣù kan pé nínú rẹ̀ rí. Ògbufọ̀ Ṣáínà náà bọ́ síwájú láti bá àwọn ẹ̀ṣọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọ̀rọ̀ náà láàárín ara wọn.

Gbogbo rẹ̀ ni Tàófíìkì ń gbọ́ láti ilẹ̀. Kò dìde. Bí ó bá dìde láìjẹ́ pé àgbà ní kó dìde, a jẹ́ pé kò kí ẹnikẹ́ni, ó kàn sùn sílẹ̀ ni.

Arúgbó náà nìkan ni ẹ̀rù kò bà. Ó ti rí ẹni tó wólẹ̀ rí. Ó tẹ̀ síwájú lórí àga, ó gbé ọwọ́ lé orí Tàófíìkì níbi tí fìlà ti kúrò. Ọwọ́ náà wúwo, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó sọ gbólóhùn kan ní èdè rẹ̀, gbólóhùn kúkúrú.

Ògbufọ̀ ṣì ń bá àwọn ẹ̀ṣọ́ fà á, kò gbọ́ ọ. Tàófíìkì dojú kọ kápẹ́ẹ̀tì, ó bèèrè ní Yorùbá, ohùn rẹ̀ sì ti di ti ọmọdé.

"Kí ló wí?"

Nínú gbogbo èrò tó wà níbẹ̀, ẹnìkan ṣoṣo ló gbọ́ ohun tó bèèrè. Fèyíjìmí kò gbọ́ èdè Ṣáínà, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì fi Yorùbá dá bàbá rẹ̀ lóhùn láti ìgbà tó ti wọ iléèwé. Ó kúnlẹ̀ tì í. Kò kánjú. Ó kọ́kọ́ wo arúgbó náà lójú, ó wo bàbá rẹ̀ nílẹ̀, ó wá sọ ọ́ ní Yorùbá, ó ń wọ́ ọ̀rọ̀ náà bí ọmọ tó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà àgbà.

"Ó ní, Àkàngbé, dìde."

Ẹkún tó ti kọ̀ láti oṣù mẹ́ta bọ́. Èjìká Tàófíìkì ń mì, ó ń sunkún bàbá rẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì onílé eré. Ẹ̀ṣọ́ tó gbé àpótí lọ́wọ́ rọra gbé e sílẹ̀. Tàófíìkì kò tíì dìde.

"Kí ló wí?" ló tún bèèrè. Ó gbọ́ ọ dáadáa. Ó kàn fẹ́ gbọ́ ọ sí i ni.

Fèyíjìmí gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e lẹ́yìn.

"Ó ní, Àkàngbé," ni ọmọ náà wí, "dìde."

Ó dìde.